Ọdún Tí Ọkọ̀ Pupa Ń Gbóná Lágbàlá Wa

Ilé wa kò sí létí títì. Ẹni tó bá ń ti Ìbàdàn bọ̀ ní láti sọ̀ kalẹ̀ ní Ẹgbẹ́dá, kó wá gba ọ̀nà eléruku tó gba àárín oko kòkó àti ọgbà ọsàn kọjá, títí tí yóò fi máa gbọ́ ariwo adìyẹ. Ariwo adìyẹ yẹn ni wọ́n fi ń júwe ilé wa fún àlejò. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni Màámi ti máa ń da oúnjẹ sínú ọpọ́n wọn, tí ọmọ ọlọ Ìyá Àgbà á ti máa ha ata lórí ìyá ọlọ, tí rédíò Bàámi á máa sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn híha bí ẹni tí òtútù mú. Mo ti dàgbà báyìí, mo sì ti gbé ilé tó pọ̀, àwọn kan tilẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́ débi pé mo máa ń gbọ́ mímí ara mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá di ojú mi, ìró ọdún kan ṣoṣo ló máa ń padà wá bá mi, ìyẹn ọdún tí Bàámi gbé ọkọ̀ pupa kan wálé, tí ọkọ̀ náà ń gbóná, tí ara gbogbo wa náà kò sì balẹ̀.

Oko ìwádìí kan ni Bàámi ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń dán irúgbìn ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo wò. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti máa wọn bí yàrá tí wọ́n ń kó irúgbìn sí ṣe tutù tàbí gbóná tó, torí náà kò sí ọjọ́ tí kì í sí òṣùwọ̀n onígíláàsì kékeré kan lápò ẹ̀wù rẹ̀. Olùkọ́ ni Màámi ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ẹgbẹ́dá. Bó bá ti dé lọ́sàn-án, á bọ́ aṣọ iṣẹ́, á wọ bàtà rọ́bà, ó di inú ilé adìyẹ. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Bàámi, ló ń gbé yàrá tó wà lápá ọ̀tún. Mùsùlùmí ni wọ́n, ṣọ́ọ̀ṣì sì ni àwọn òbí mi ń lọ. Bí wọ́n bá ń kírun lọ́wọ́, Màámi á ní ká rọra. Bí àwa bá ń gbàdúrà alẹ́, Ìyá Àgbà á máa ṣe àmín láti yàrá wọn, àmín tiwọn sì máa ń pẹ́ ju tiwa lọ.

Òyìnbó kan tó ń padà sílùú rẹ̀ ló fẹ́ ta ọkọ̀ náà, Bàámi sì ni ó tà á fún. Kì í ṣe irú ọkọ̀ tí ènìyàn ń retí lágbàlá olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ oko. Ọkọ̀ eré sísá ni, èyí tí a máa ń rí nínú ìwé ìròyìn, ilẹ̀kùn méjì péré, ó fara mọ́lẹ̀ bí ológbò tó fẹ́ fò mọ́ eku. Bí wọ́n bá tan iná rẹ̀, fìtílà méjèèjì á yọ jáde látinú bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ojú ọ̀pọ̀lọ́, àwọn ọmọ àdúgbò á sì pariwo. Ní ẹ̀yìn, àyè wà, ṣùgbọ́n ti ẹni tí kò lẹ́sẹ̀ gígùn ni. Ìyá Àgbà yí i po, wọ́n fi ọwọ́ kan òrùlé rẹ̀ tí kò ga dé èjìká wọn. “Àkànní,” wọ́n pe Bàámi ní oríkì rẹ̀, “ibo ni ìyókù rẹ̀ wà?”

Màámi kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ lé ikùn rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Ó fi orúkọ mi pe Bàámi, ó ní, “Bàbá Bọ́lá, ṣé ẹ fẹ́ máa bá wọn sáré ìje ni?”

Bàámi ní, “Ìyá Bọ́lá, èyí tó wà ni mo rà. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí ọkọ̀ wà nílé.”

Ọmọ kékeré ni mí nígbà náà, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń sọ. Ọdún tó ṣáájú, Màámi rọbí láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀. Bàámi sáré lọ sójú títì lọ wá ọkọ̀, ó pẹ́ kó tó rí ọ̀kan, èyí tó sì rí, ẹrẹ̀ kò jẹ́ kó lè wọ ọ̀nà ilé wa. Àga onígi ni wọ́n fi gbé Màámi jáde. Nígbà tí wọ́n máa fi dé ilé ìwòsàn, ẹ̀pa kò bóró mọ́ fún ọmọ náà. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún mi. Aṣọ kéékèèké tí Màámi ti rán ni mo rí tí Ìyá Àgbà ń ká sínú àpótí, tí wọ́n ń ká a díẹ̀díẹ̀, tí wọn kò gbójú sókè. Látìgbà náà ni Bàámi ti sọ pé oyún mìíràn kò ní bá òun láìní ọkọ̀. Ìdí nìyí tí kò fi bìkítà pé ọkọ̀ náà pupa, tàbí pé àwọn ará ìletò ń sọ ọ́ ní Alángbá.

Ọjọ́ tí ọkọ̀ kọ́kọ́ gbóná, a ń ti àyẹ̀wò oyún bọ̀ láti Ìbàdàn ni. Láti ẹ̀yìn, láàárín orí àwọn òbí mi, mo ń wo abẹ́rẹ́ kékeré tó ń sọ bí ara ẹ́ńjìnì ṣe rí. Abẹ́rẹ́ náà kúrò láàárín, ó ń gun òkè lọ bí ẹni pé ẹnìkan ń fà á. Kí a tó dé Ẹgbẹ́dá, ó ti kan ibi pupa, ooru funfun sì ń tú lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bàámi pa á, ó bọ́ sílẹ̀, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì na ọwọ́ sí ìdérí rẹdiétọ̀, níbi tí omi ẹ́ńjìnì ti ń tutù. Màámi kígbe, “Ẹ má ṣí i!” Ó ti ṣí i díẹ̀. Omi gbígbóná fọ́n sókè, ó sì jó o lọ́rùn ọwọ́. Ẹsẹ̀ ni Màámi fi rin ìyókù ọ̀nà dé ilé, pẹ̀lú ikùn, nínú oòrùn. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Èyí ló dun Bàámi jù.

Bí Múfútáù ṣe wọ ọ̀rọ̀ wa nìyẹn. Mẹkáníìkì ni, ibi iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Olódò, ohùn rẹ̀ sì ń ṣáájú rẹ̀ wọ agboolé. Bó bá ń bọ̀ lórí ọ̀kadà, a ti máa gbọ́ tó ń kí àwọn ará ìletò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kọ́kọ́ ṣí ọkọ̀ náà, ó yọ ohun kékeré kan bí ọmọrí ìgò, ó ní tẹmositáàtì ni, òun ló máa ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnì á fi gbóná tó bó ṣe yẹ. Ó ní, “Ọ̀gá, àwọn tó ń gbé inú yìnyín ló nílò èyí. Ẹ jẹ́ ká yọ ọ́ sọ nù.” Bàámi kò fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó gbà. Wọ́n gbé ọkọ̀ jáde, ó tún gbóná. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Múfútáù da omi rẹdiétọ̀ nù, omi náà pọ́n bí omi osùn, ó fọ inú rẹ̀ títí omi fi mọ́ gaara. Ọkọ̀ tún gbóná. Wọ́n pààrọ̀ ìdérí, nítorí pé ìdérí tí kò bá le kì í jẹ́ kí omi lè gba ooru mọ́ra. Ọkọ̀ gbóná síbẹ̀. Ní gbogbo àárọ̀, kó tó lọ síbi iṣẹ́, Bàámi á tan án sílẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, nítòsí ilé adìyẹ, á jókòó sórí àpótí níwájú rẹ̀, á máa wò ó bí ẹni ń ṣọ́ aláìsàn. Oúnjẹ rẹ̀ á tutù. Ìyá Àgbà á ní, “Àkànní, ẹni tó ń wo ìkòkò lójú kì í jẹ́ kó tètè hó.” Bàámi á ní, “Ìyá, èmi kò fẹ́ kó hó.”

Oyún Màámi ń dàgbà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́yìn ìbàdí. Lọ́jọ́ kan tí mo ń bá a ṣa ẹyin, ó dúró lójijì, ó gbá agbọ̀n mọ́ra, ó sì sọ fún mi, tàbí fún ara rẹ̀, pé, “Kí ọkọ̀ yẹn sáà gbé mi dé ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀kan péré.” Títí di òní, bí mo bá gbọ́ tí ènìyàn ń gbàdúrà fún ohun ńlá, mo máa ń rántí àdúrà kékeré yẹn.

Ní Sátidé kan lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Múfútáù dé, kò sì pariwo wọlé. Ó fa Bàámi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun pé gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnì àti ara rẹ̀ ló jó. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní láti tú orí ẹ́ńjìnì sílẹ̀, irú ọkọ̀ yìí kò sì pọ̀, Èkó ni wọ́n ti máa wá ẹ̀yà ara rẹ̀. Ọkọ̀ á wà lórí búlọ́ọ̀kù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bàámi wo ikùn Màámi tó jókòó sórí ẹní tó ń ṣa ẹ̀wà. Oṣù rẹ̀ ti pé. Bàámi ní, “Múfú, kí o tó tú u, jẹ́ ká rí i dájú pé òun ni. Mo bẹ̀ ọ́.”

Múfútáù gbà. Ó fa irin tí wọ́n fi ń wo ọ́ìlì jáde, ó ní bí omi bá ń wọ inú ọ́ìlì, ọ́ìlì á dà bí tíì oníwàrà. Ọ́ìlì náà dúdú, ó ń dán. Wọ́n tan ẹ́ńjìnì nígbà tó ṣì tutù, wọ́n ṣí ìdérí sílẹ̀, wọ́n ń wo omi inú rẹdiétọ̀ bóyá á máa hó bí ẹni pé ẹnìkan ń mí sínú rẹ̀. Kò hó. Wọ́n lọ wo ẹ̀yìn, èéfín kò funfun bíi ti ẹ́ńjìnì tó ń jó omi. Ọkàn Bàámi ń fúyẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe dé ìdérí padà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́ lọ, abẹ́rẹ́ tún ń gòkè. Bàámi yọ òṣùwọ̀n onígíláàsì látinú àpò rẹ̀, ó fi aṣọ so ó mọ́ rọ́bà ńlá tó ń gbé omi láti ẹ́ńjìnì wọ orí rẹdiétọ̀. Ó kà á. Ó tún so ó mọ́ rọ́bà ìsàlẹ̀, èyí tí omi ń gbà padà.

Ó ní, “Ti ìsàlẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbóná tó ti òkè.”

Múfútáù fọwọ́ kan án, ó sì yára gbọn ọwọ́. “Á jẹ́ pé omi ń yí, Ọ̀gá. Bí kò bá yí, ìsàlẹ̀ á tutù. Ẹ̀rọ tó ń ti omi kò ní àìsàn.”

“Fáànù ńkọ́?”

“Ó ń yí, ẹ gbọ́ ìró rẹ̀.”

“Omi wọ rẹdiétọ̀ pẹ̀lú ooru, ó sì jáde pẹ̀lú ooru rẹ̀. Kí ló wá ń ṣe níbẹ̀?”

Wọ́n pa ẹ́ńjìnì, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, àwọn méjèèjì ń wo ọkọ̀. Adìyẹ ń ké, afẹ́fẹ́ ń gbé eruku àti ìyẹ́ kiri àgbàlá bó ṣe máa ń gbé e kiri lójoojúmọ́, débi pé a kì í rí i mọ́.

Ìgbà tó tó bí ẹni se ẹ̀kọ jinná ni Màámi dìde pẹ̀lú abọ́ omi. Ó ní ẹ́ńjìnì náà ti tutù díẹ̀, kí òun bomi sí i níwájú. Múfútáù ní kí wọ́n rọra, kó má kan ẹ́ńjìnì. Màámi da omi náà sí àlàfo tó wà ní imú ọkọ̀. Omi náà tàkìtì padà, ó sì ṣàn sí i lẹ́sẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ bó ṣe lè bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ ọkọ̀, ó tún wo inú bọ́nẹ́ẹ̀tì láti òkè. Ó ní, “Bàbá Bọ́lá, ẹ wá wo nǹkan. Omi yìí kò kọjá.”

Bàámi ní, “Kò kọjá báwo?”

“Ẹ̀yìn gbẹ táútáú. Bí mo bá ń sẹ́ ògì tí omi kò kọjá, asẹ́ ló dí.”

Múfútáù fò dìde. “Màmá, ẹ tún un dà.” Wọ́n tún un dà. Omi tún tàkìtì padà. Ó kọjú sí Bàámi, ó fi ọwọ́ méjèèjì lérí, ó sì ṣàlàyé fún gbogbo wa, títí kan àwọn ará ìletò tó ti ń yọjú: ọkọ̀ yìí ní ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ̀rọ náà sì ní rẹdiétọ̀ kékeré tirẹ̀ tó dúró níwájú èyí tó ń tu ẹ́ńjìnì lára. Òun ti wo ojú tiwájú, ó mọ́. Òun ti wo ẹ̀yìn èyí tó wà lẹ́yìn, ó mọ́. Àárín àwọn méjèèjì ni kò sí ẹni tó wò. Ó gbá sípánà mú, kò sì pẹ́ tó fi tú tiwájú kúrò láyè rẹ̀, tó fà á síwájú díẹ̀.

Ohun tó wà níbẹ̀ kò ṣeé fi ẹnu sọ tán. Ìyẹ́ adìyẹ ni, ìyẹ́ wínníwínní abẹ́ apá, pẹ̀lú èèpo oúnjẹ adìyẹ àti eruku ọ̀nà, gbogbo rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra, ó sì nípọn bí tìmùtìmù. Ẹ fojú inú wò ó: kò sí ibi tí afẹ́fẹ́ fẹ́ gbà. Gbogbo àárọ̀ tí Bàámi fi tan ọkọ̀ sílẹ̀ nítòsí ilé adìyẹ láti mọ ohun tó ń ṣe é, ńṣe ni fáànù ń fa ìyẹ́ sí i. Bó ṣe ń ṣọ́ aláìsàn rẹ̀ tó ni àìsàn náà ń le sí i.

Bàámi bu ìyẹ́ náà lọ́wọ́, ó wò ó, ó wo ilé adìyẹ, ó sì wo Màámi. Màámi náà wo ilé adìyẹ. Ó ní, “Ẹ má wò mí. Èmi kọ́ ni mo ní kí ẹ gbé e síbẹ̀.” Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu Ìyá Àgbà, lẹ́yìn náà Múfútáù, tó rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀. Bàámi rẹ́rìn-ín, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀, mo sì rí i pé kì í ṣe òógùn nìkan ló ń nù. “Gásíkẹ́ẹ̀tì kọ́,” ló ń sọ léraléra. “Ìyá Bọ́lá, gásíkẹ́ẹ̀tì kọ́.” Ìyá Àgbà ní, “Alihamudulilai. Ẹ di ẹṣin nímú, ẹ wá ń bi í pé kí ló dé tí kò lè sáré.”

Wọ́n fi ọwọ́ yọ èyí tó ṣeé yọ, wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti omi ọṣẹ fọ ìyókù, wọ́n ń ti ẹ̀yìn da omi rẹ̀ bọ̀ síwájú kí ìdọ̀tí lè gba ibi tó gbà wọlé jáde. Bàámi ní kí Múfútáù dá tẹmositáàtì padà, Múfútáù sì dá a padà, ó ń kùn pé yìnyín kò ní bọ́ ní Ẹgbẹ́dá. Wọ́n gbé ọkọ̀ lọ sí òdìkejì ilé, nítòsí kànga. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Bàámi wà á lọ sójú títì Ifẹ̀, ó pẹ́ tí a ń retí rẹ̀. Nígbà tó padà, ó yí gíláàsì fèrèsé sílẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ó na ọwọ́ síta, ó tẹ́ ẹ gbalaja lórí afẹ́fẹ́. Àárín ni abẹ́rẹ́ wà.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Màámi rọbí. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn mú bí iná. Kò sí ẹni tí wọ́n lè fi mí sílẹ̀ fún, torí náà èmi àti Ìyá Àgbà ká ara wa sí ẹ̀yìn, orúnkún wọn wà lábẹ́ àgbọ̀n wọn, àpò ẹrù sì wà lórí ẹsẹ̀ mi. Ọ̀nà Ẹgbẹ́dá lọ geere. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ìtòsí Ìwó Road, ọkọ̀ akẹ́rù kan ti dákú sójú ọ̀nà, ọkọ̀ sì tò lọ rẹrẹẹrẹ níwájú wa. A dúró. Màámi di ilẹ̀kùn mú, ó ń mí sókè, ó ń mí sílẹ̀. Ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, afẹ́fẹ́ kò fẹ́, mo sì rí i tí abẹ́rẹ́ kúrò láàárín. Ó gòkè díẹ̀. Ó tún gòkè. Bàámi kò wo ọ̀nà mọ́, abẹ́rẹ́ náà ló ń wò. Ìyá Àgbà ń gbàdúrà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Lójijì ni fáànù, tí kì í yí títí ooru á fi pọ̀ tó, bẹ̀rẹ̀ sí í yí níwájú, a gbọ́ ọ, ìró ńlá tó kún bí ìró ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo. Abẹ́rẹ́ dúró. Ó mì díẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, títí tó fi padà sí àyè rẹ̀. Bàámi tú èémí sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní, “Ìyá Bọ́lá, ó ń mí. Ó ń mí dáadáa.” Màámi, tí ìrora mú, ní, “Kí òun máa mí, kí èmi náà máa mí, kí ẹ sáà máa lọ.” Ọkọ̀ iwájú wa ṣí. A lọ.

Gbogbo wa ti gbọ́ ẹkún àwọn ọmọ púpọ̀ láyé yìí, ṣùgbọ́n èyí tí mo gbọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn yẹn ni mo fi ń wọn ìyókù. Ó ké bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Nọ́ọ̀sì jáde, ó ní ọkùnrin ni, ó ní ìyá àti ọmọ wà ní àlàáfíà. Ìyá Àgbà kúnlẹ̀ síbi tí wọ́n dúró sí, wọ́n forí kanlẹ̀ lórí símẹ́ǹtì. Bàámi kò fò, kò pariwo. Ó wọlé lọ wò wọ́n, ó jáde, ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù tó wà lábẹ́ igi níta, ó sì bi Ìyá Àgbà bóyá oúnjẹ wà nínú àpò ẹrù. Ẹ̀bà ọ̀sán tí a kò tíì jẹ ni Ìyá Àgbà ti dì sínú abọ́, pẹ̀lú ọbẹ̀ ilá tó ti tutù. Bàámi kò béèrè iná láti fi mú un gbóná. Ó wẹ ọwọ́, ó jẹ ẹ́ tán, ó fi ìka nu abọ́ náà, ó sì tún bi wọ́n bóyá ó kù. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù ni mo ti ń wò ó tó ń fi oúnjẹ sílẹ̀. Mo wo Ìyá Àgbà, mo fẹ́ mọ ìdí tí wọ́n fi ń sunkún.

Wọ́n ní, “Jẹ́ kó jẹun. Ẹni tó bá tún mọ̀ pé ebi ń pa òun, ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀.”